Ọ̀dùnkún Tó Ta Kókò

Ọjọ́ kan wà tí kò tíì kúrò lọ́kàn mi títí di òní, n kò sì rò pé yóò kúrò láé: ọjọ́ tí wọ́n wa ebè ọ̀dùnkún lójú mi, ọ̀dùnkún tí èmi fúnra mi kọ́ àwọn tó gbìn ín bí wọ́n ṣe máa tọ́jú rẹ̀, tó jẹ́ pé kókò ni wọ́n bá lábẹ́ rẹ̀. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe débẹ̀, torí kò sẹ́ni tó tì mí. Ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi rìn lọ bá ìtìjú.

Monrovia là ń gbé nígbà náà. Ogun ti parí, àwọn tó sá lọ ti ń padà bọ̀, ilé tuntun sì ń hù káàkiri Paynesville bí olú. Ìlú náà ni wọ́n bí mi sí. Ọmọ Ìnísà ni bàbá mi, télọ̀ ni wọ́n, ìgbà ọ̀dọ́ wọn ni wọ́n ti gbé ẹ̀rọ ìránṣọ wọn wá sí Liberia. Ọmọ Liberia ni màámi. Yorùbá la ń bá bàbá mi sọ nínú ilé, àmọ́ tí a bá ti fẹsẹ̀ tẹ ìta báyìí, Gẹ̀ẹ́sì àwọn ará Monrovia ló kù. Nítorí náà, gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ máa gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn níbí, yàtọ̀ sí ti bàbá mi, èmi ni mo sọ ọ́ di Yorùbá. “Yah” tó máa ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ wọn nìkan ni mo fi sílẹ̀ bó ṣe wà, torí n kò mọ ohun tí mo lè pè é.

Mo ti wá iṣẹ́ títí ó fi sú mi, kí n tó gbọ́ pé ọ́fíìsì kékeré kan ń wá ẹni tí yóò máa bá àwọn ìyá lọ sóko, kí wọ́n lè máa gbin oúnjẹ tó ń ṣara lóore. Ọ̀gá ibẹ̀, obìnrin kan tó mọ̀ nípa oúnjẹ dénú, bi mí bóyá mo mọ nǹkan kan nípa oko. Àyà mi ò já rárá. Mo ní, “Ọmọ àgbẹ̀ ni mí, Mà. Àgbẹ̀ paraku ni ìdílé bàbá mi ní Nàìjíríà.” N kò mọ̀ pé irọ́ ni mò ń pa. Láti kékeré mi ni bàbá mi ti máa ń ròyìn oko Ìnísà fún wa: iṣu wọn, àgbàdo wọn, ọ̀dùnkún wọn tó tóbi ju orí ọmọdé lọ. Mo gbà pé ẹ̀jẹ̀ àgbẹ̀ ló ń ṣàn lára mi. Èmi alára, ọkọ́ kan ṣoṣo tí mo dì mú rí ni èyí tí a fi ń kó ẹrẹ̀ kúrò nínú gọ́tà iwájú ilé.

Ohun kan wà tó jẹ́ òtítọ́ nípa mi ṣá. Mo fẹ́ràn láti mọ ìdí nǹkan. Nígbà ogun, tí wọ́n ń pín àlìkámà tí a ń pè ní bọ́gà fún wa, àwọn ọmọ yòókù ń jẹ tiwọn, èmi ń bi àwọn tó ń pín in pé ibo ló ti wá, kí ló wà nínú rẹ̀, kí ló dé tí kò rí bí ìrẹsì. Ẹni tó ń pín in á ní kí n jẹun kí n gbẹ́nu dákẹ́. Torí náà, nígbà tí ọ́fíìsì wa fi ọ̀sẹ̀ kan kọ́ wa ní ẹ̀kọ́, inú mi dùn dé ibi tí n kò lè sọ. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé ẹ̀gẹ́ tí gbogbo Monrovia ń jẹ, tewé-tiṣu, àlejò ni. Àgbàdo, àlejò. Ọ̀dùnkún, àlejò. Ọkọ̀ ojú omi ló kó wọn wá láti òdìkejì òkun láyé àtijọ́. Ìrẹsì ìbílẹ̀ tó pupa, ilá, àti ìkàn kíkorò tí wọ́n ń pè ní bítà-bọ́ọ̀lù, àwọn wọ̀nyẹn ni onílé. Mo sáré lọ sọ fún bàbá mi. Wọn ò tiẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Wọ́n ní, “Àgbàdo wo ló jẹ́ àlejò? Lọ sọ fún ọ̀gá rẹ pé bàbá rẹ ní irọ́ ni.”

Ọ̀dùnkún tuntun ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́. Kì í ṣe èyí tí inú rẹ̀ funfun tí gbogbo wa mọ̀. Inú èyí pọ́n bí ìbẹ́pẹ, ọ̀gá wa sì sọ fún wa pé ohun tó fún un láwọ̀ yẹn gan-an ni ara ń lò láti fi tọ́jú ojú, pàápàá ojú àwọn ọmọ tí kì í ríran dáadáa tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Mo gé ọ̀kan, mo jẹ ẹ́ ní tútù kí n lè mọ bó ṣe rí. Inú run mí di ọjọ́ kejì, àmọ́ n kò kábàámọ̀.

Àwọn ìyá méjìlá ni wọ́n fún mi. Ma Kebbeh ni olórí wọn, ìyá àgbà kan tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí ohùn wọn sì le ju ara wọn lọ. Ogun ló lé ọ̀pọ̀ nínú wọn wá láti Lofa, níbi tí wọ́n ti ń dáko kí wọ́n tó bí mi. Ní Paynesville, wọn ò ní ilẹ̀ kankan. Bàbá Flomo, bàbá arúgbó kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu ọkọ̀ wíwà, ló yá wọn ní ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n àdéhùn bàbá náà le. Wọ́n ní, “Sáà kan ni mo fún yín. Ọjọ́ ìkórè, èmi fúnra mi máa wà níbẹ̀. Tí mo bá rí oúnjẹ, ẹ máa bá ilẹ̀ yín lọ. Tí n kò bá rí oúnjẹ, àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù ti wá wọn ibẹ̀ wò, n ó sì fún wọn.” Ma Kebbeh kàn mú ọkọ́ wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ebè.

A gbin ìtàkùn ọ̀dùnkún náà tán, òjò sì ṣe tirẹ̀. Nígbà tó fi máa pé oṣù kan, ewé ti bo ilẹ̀ pátápátá, ẹ ò lè rí ebè mọ́. Orí mi wú. Mo jókòó tì wọ́n lábẹ́ igi máńgòrò, mo ń sọ̀rọ̀ àwọn oúnjẹ onílé àti oúnjẹ àlejò fún wọn. Ma Kebbeh gbọ́ ti ẹ̀gẹ́, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gẹ́ ni àlejò? Àlejò tó ti bímọ síbí, tó ti bí ọmọ ọmọ síbí, ta ló fẹ́ lé e lọ, yah?” Ọ̀kan nínú wọn wá bi mí pé, ewé tó pọ̀ tó báyìí ńkọ́, kí ni kí a ṣe sí i? N kò mọ̀. Ẹni tó ní orí pípé á ní, “Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ máa ń ṣe sí i ní Lofa?” Èmi ní kí wọ́n dúró de ọjọ́ kejì, pé mo fẹ́ lọ yẹ̀ ẹ́ wò nínú ìwé mi.

Ìwé tí mo lọ yẹ̀ wò ni bàbá mi. Ká ní màámi wà nílé ni, bóyá ǹ bá bi wọ́n, wọn ì bá sì yọ mí. Ṣùgbọ́n wọ́n ti lọ sí Gbarnga, ọmọ tuntun ni àbúrò wọn bí. Mo bá bàbá mi nídìí ẹ̀rọ.

Mo ní, “Bàbá, ìtàkùn ọ̀dùnkún wa ti bo gbogbo ilẹ̀. Ṣé ó dára bẹ́ẹ̀?”

Wọ́n ní, “Rárá o! Ewé tó bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, òun ló máa jẹ gbogbo agbára ilẹ̀. Ẹ máa gé e. Bí ewé bá ti ń dín kù, agbára á máa sọ̀ kalẹ̀ sí ìdí.”

“Ṣé bí ẹ ṣe ń ṣe é nílé nìyẹn?”

“Nílé wa, ewúrẹ́ là ń gé e fún.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Agbára tó ń sọ̀ kalẹ̀! Mo gbé e lọ bá àwọn ìyá ní ọjọ́ kejì, mo fi bírò júwe rẹ̀ lórí ìwé, mo ya ewé sókè, mo ya ọ̀dùnkún sísàlẹ̀, mo fa ilà láàárín wọn. Gbogbo wọn ń wo ojú ara wọn.

Ma Kebbeh ní, “Ṣé ohun tí o ń sọ ni pé kí a máa já ewé yìí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Mà.”

“Lójoojúmọ́?”

“Tí ẹ bá lè ṣe é lójoojúmọ́, ó dára bẹ́ẹ̀.”

Háà, ayọ̀ ńlá! Àwọn ìyá wọ̀nyí pàtẹ́wọ́ fún mi, wọ́n gbá mi lẹ́yìn, ọ̀kan pè mí ní ọkọ rẹ̀. Mo rò pé ọgbọ́n mi ló ń dùn mọ́ wọn. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń já ewé, bẹ́ẹ̀ ọ̀dùnkún kì í ṣọ̀lẹ, bí wọ́n ṣe ń já a ló ń rúwé mìíràn. Ní Monrovia, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ fún ẹni tí kò bá mọ̀, ewé ọ̀dùnkún kì í ṣe oúnjẹ ewúrẹ́. Ọbẹ̀ ni. Wọ́n á rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, wọ́n á fi epo pupa sè é, ẹja gbígbẹ á wà nínú rẹ̀, ata á wà nínú rẹ̀, wọ́n á sì dà á lé ìrẹsì. Ní gbogbo ọjọ́ Thursday, Ma Kebbeh máa ń gbé abọ́ tèmi wá. Mo ń jẹ ẹ́, mo ń lá ìka, ṣòkòtò mi ń fún mọ́ mi, kò sì sí ìgbà kan tí mo bi ara mi pé, kí ni yóò wá bọ́ ohun tó wà nísàlẹ̀.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí a kórè ni ìtọpinpin tún bá mi. Mo fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe tóbi tó. Mo dá lọ síbẹ̀ ní ọ̀sán, mo wa ebè kan. Gbòǹgbò tín-ínrín ló wà níbẹ̀, bí ìrù eku. Mo ní bóyá ebè yẹn ló ya ọ̀lẹ. Mo wa òmíràn, ìka ọmọ ọwọ́ ló jọ. Mo wa ìkẹta, mo wa ìkẹrin, mo wa títí dé ìkẹwàá. Mo jókòó sílẹ̀. Ohun tó ń dún létí mi ni ohùn Bàbá Flomo: tí n kò bá rí oúnjẹ. Àwọn ìyá méjìlá, ilẹ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n ní, èmi ọmọ àgbẹ̀ ni mo ti fi ẹnu mi gbà á lọ́wọ́ wọn.

Mo sáré délé. “Bàbá, kò sí nǹkan kan nídìí rẹ̀ o! Ẹ ní agbára á sọ̀ kalẹ̀!”

Bàbá mi bọ́ awò ojú wọn. Wọ́n ní, “Bóyá ilẹ̀ ibí ni kò dáa.”

Mo ní, “Nígbà tí ẹ̀yin ń gbin tiyín ní Ìnísà ńkọ́?”

“Ta ló sọ fún ọ pé mo gbin ọ̀dùnkún rí?”

“Ẹ̀yin ni! Láti kékeré mi lẹ ti ń sọ ọ́!”

“Mo ní mo jẹ ẹ́. Èmi ò ní mo gbìn ín. Télọ̀ ni bàbá mi, télọ̀ ni bàbá tó bí wọn lọ́mọ. Ọ̀nà oko ìbátan wa kan ni mo máa ń gbà kọjá tí mo bá ń lọ sí iléèwé. Tí mo bá sì rí i pé wọ́n ń gé ewé fún ewúrẹ́, ṣé kí n ní n kò rí i ni?”

Mo fẹ́ sunkún, mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, n kò mọ èyí tí mo lè kọ́kọ́ ṣe. Ẹ wo ìwà òmùgọ̀ mi ṣá: ẹni tó ṣì mí lọ́nà tán yìí náà ni mo tún bi pé, kí ni kí n wá ṣe báyìí? Bàbá mi sì fún mi ní ìmọ̀ràn pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Wọ́n ní tí aṣọ oníbàárà bá ya, èèyàn kì í pariwo, ńṣe ni èèyàn máa lẹ̀ ẹ́ láti inú, níbi tí ojú kò dé. “Lọ ra ọ̀dùnkún lọ́jà, kí o kì í bọ abẹ́ ebè. Ta ló máa mọ̀?” Ọgbọ́n télọ̀ nìyẹn. Kò sọ sí èmi tàbí bàbá mi lọ́kàn pé ìkórè ọ̀dùnkún, abẹ́ gan-an ni gbogbo èèyàn wá wò.

Ní ọjọ́ Sátidé, mo gba ọjà Red Light lọ. Ẹni tó bá mọ ọjà yẹn mọ̀ pé èèyàn lè wọ ibẹ̀ láàárọ̀ kí ó má rí ọ̀nà jáde títí di ọ̀sán. Mo wá èyí tí inú rẹ̀ pọ́n títí, kò sí. Obìnrin kan tí mo bi ní kí n ṣàlàyé ara mi dáadáa, pé ṣé ọ̀dùnkún ni mo fẹ́ àbí ìbẹ́pẹ. Mo bá ra àpò kan, èyí tó pupa lẹ́yìn, tó dàgbà, tó dán. Mo wo orí àpò, ó tẹ́ mi lọ́rùn. N kò wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi gbé e, ọ̀dùnkún méjì sì já bọ́ lójú ọ̀nà, tí mo sọ̀ kalẹ̀ lọ ṣà wọ́n láàárín ọkọ̀, tí awakọ̀ kan sì bú mi tìyá-tìyá. Ọmọ àgbẹ̀ kì í fi ohun ọ̀gbìn rẹ̀ ṣòfò.

Ọjọ́ Sunday, nígbà tí gbogbo àwọn ìyá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Oòrùn ń pa mí, ìtàkùn ń já mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ń gbẹ́ ìdí ebè, mo ń ki ọ̀dùnkún mẹ́ta-mẹ́ta bọ̀ ọ́, mo ń fi yẹ̀pẹ̀ bò ó. Obìnrin kan ń kọjá lọ lẹ́yìn ọgbà, ó dúró. Ó ní, “Ọmọ mi, ṣé o ń gbìn ni àbí o ń kórè?” Mo ní, “Mò ń wò ó bóyá ara wọn le ni, Mà.” Ó mi orí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Mo dé àárín àpò báyìí, mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ọwọ́ mi kan nǹkan onírun. Mo fà á jáde. Kókò! Mo dojú àpò dé. Kókò ni gbogbo rẹ̀ láti ìdajì dé ìsàlẹ̀, kókò wẹ́wẹ́ onírun. Àwọn ará Red Light ti fi ọ̀dùnkún ṣe ojú, wọ́n fi kókò ṣe ikùn. Ebè tó kù ní ìpẹ̀kun oko kò dín ní ogún, ṣọ́ọ̀ṣì sì ti fẹ́ parí. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ki kókò bọ̀ ọ́. Mo ní ebè iwájú ni n ó mú wọn lọ wà, ta ló máa rìn dé ìpẹ̀kun nínú oòrùn?

Ọjọ́ Monday pé. Ọ̀gá wa dé pẹ̀lú ọ̀bẹ àti abọ́ funfun, kí ó lè gé ọ̀dùnkún náà han gbogbo èèyàn. Bàbá Flomo dé pẹ̀lú ọ̀pá wọn, ìyàwó wọn tẹ̀ lé wọn. Àwọn ìyá mú agbọ̀n wá, àmọ́ mo ṣàkíyèsí pé agbọ̀n wọn kéré, wọn ò sì yára rárá. Ọ̀gá wa sọ̀rọ̀ ojú àwọn ọmọdé àti àwọ̀ tó pọ́n, ó sì dùn létí. Mo mú wọn lọ sí ebè àkọ́kọ́. Mo wà á. Ọ̀dùnkún mẹ́ta, gbàǹgbà-gbàǹgbà! Ọ̀gá wa pàtẹ́wọ́. Àwọn ìyá kò pàtẹ́wọ́, ẹnu wọn là sílẹ̀. Ma Kebbeh wo ọ̀dùnkún, wọ́n wò mí, wọ́n tún wo ọ̀dùnkún.

Bàbá Flomo gba ọ̀kan, wọ́n yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún. Wọ́n ní, “Èyí ti wẹ̀.”

Mo ní, “Òjò ni, Sà.”

“Òjò ló já a kúrò lára gbòǹgbò rẹ̀ náà?”

Kí n tó rí èsì, ọ̀gá wa ti gé ọ̀kan sí méjì. Inú rẹ̀ funfun bí ìyẹ̀fun. Ọ̀gá wa yíjú sí mi. Ẹ gbọ́ ohun tí ẹnu mi sọ, torí èmi náà gbọ́ ọ ni: “Àwọ̀ rẹ̀ kò tíì wọlé tán, Mà. Tó bá pẹ́ díẹ̀ sí i, á pọ́n.” Ọ̀gá wa, tó ti ń ka ìwé nípa oúnjẹ kí n tó mọ̀wé, gbé ọ̀bẹ rẹ̀ padà sínú abọ́. Nígbà tí mo fi máa gbójú sókè, Bàbá Flomo ti ń fi ọ̀pá wọn rìn lọ sí ìpẹ̀kun oko. Mo sáré tẹ̀ lé wọn. Mo ní, “Sà, oòrùn ti mú, ẹ jẹ́ ká padà síwájú.” Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tú ebè, wọ́n gbé ohun tí wọ́n rí sókè.

Kókò.

Wọ́n tú èkejì. Kókò. Bàbá Flomo ní, “Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, n kò rí ilẹ̀ tí a gbin ọ̀dùnkún sí tó ta kókò rí. Ọmọ yìí, kí lo fi ilẹ̀ mi ṣe?”

Kò sí irọ́ kankan tó kù nínú àpò mi. Mo ṣe ohun tí bàbá mi kọ́ mi láti kékeré tí èèyàn bá ṣẹ àgbà: mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ebè. Ní Monrovia, ẹsẹ̀ ni wọ́n ń dì mú tí wọ́n bá ń bẹ èèyàn, wọn kì í nà sílẹ̀. Ma Kebbeh figbe ta. “Ó ti dákú! Ẹ bu omi wá!” Kí n tó lanu, korobá omi kan ti dà lé mi lórí. Mo ń pariwo látinú ẹrẹ̀ pé, “N kò dákú, Mà! Mò ń bẹ̀bẹ̀ ni!” Ibẹ̀ náà, pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́nu, ni mo ti jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: bàbá mi, ewúrẹ́, Red Light, àpò.

Bàbá Flomo gbọ́ mi tán, ojú wọn le. “A jẹ́ pé oṣù mẹ́rin ni ilẹ̀ mi fi wà lásán. N kò rí oúnjẹ. Àwọn oní-búlọ́ọ̀kù máa wá lọ́la.” Wọ́n yí padà, wọ́n ń lọ. Mo wo ojú àwọn ìyá wọ̀nyẹn. Ọkàn mi bàjẹ́ débi pé n kò rántí ojú tó ń tì mí mọ́.

Ma Kebbeh ló sọ̀rọ̀. “Lásán kẹ̀? Bàbá, kí lẹ jẹ lánàá?”

Bàbá Flomo dúró. “Ewé ọ̀dùnkún ni mo jẹ.”

“Níjẹta ńkọ́?”

“Òun náà ni. Ó dùn, mo ní kí ìyàwó mi tún un sè.”

“Ibo ni ìyàwó yín ti ń já a?”

Gbogbo wa yíjú sí ìyàwó Bàbá Flomo. Wọ́n ń wo ilẹ̀. Wọ́n ní, “Ó ti tó oṣù mẹ́ta, Papa. Ibí ni.”

Ma Kebbeh wá tú u síta. Wọ́n ní oṣù mẹ́ta gbáko nìyẹn tí ilé méjìlá ti ń jẹ ewé yìí, tí wọ́n sì ń tà lára rẹ̀ lọ́jà, tí wọ́n fi ń ra ẹja. Wọ́n ní kò sí ẹnì kan nínú wọn tí kò mọ̀ pé ọ̀dùnkún tí a bá ń já ewé rẹ̀ lójoojúmọ́ kò lè ta nísàlẹ̀, ọmọdé Lofa mọ ìyẹn. Wọ́n ní nígbà tí ẹni tí ọ́fíìsì rán wá ní kí wọ́n máa já a, wọ́n gbà pé ewé ni ọ́fíìsì ń fẹ́, ewé sì ni wọ́n kó agbọ̀n wá já fún wa lónìí. Ọ̀gá wa tẹ́wọ́ gba ewé kan lọ́wọ́ wọn. Ó ní ohun tó wà nínú ọ̀dùnkún tó pọ́n yẹn wà nínú ewé dúdú yìí náà, pé àwọ̀ ewé ló kàn bò ó mọ́lẹ̀ tí ojú wa kò fi rí i, àti pé epo tí wọ́n fi ń sè é ló ń jẹ́ kí ara lè gbà á dáadáa. Mo gbàgbé ibi tí mo wà. Mo nawọ́ sókè látinú ẹrẹ̀ pé, “Mà, ṣé epo pupa nìkan ni àbí òróró náà lè ṣe é?” Ọ̀gá wa ní kí n gbẹ́nu mi dákẹ́.

Bàbá Flomo wá fún àwọn ìyá ní sáà kan sí i, kí wọ́n pín ilẹ̀ sí méjì, apá kan fún ewé, apá kan fún ìdí rẹ̀. Wọ́n ní kí n gbọ́: bí mo bá kọ́ ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun lórí ilẹ̀ yẹn, búlọ́ọ̀kù ni. Ọ̀gá wa gbà pẹ̀lú wọn. Kò lé mi níṣẹ́, ìwé ló fún mi, kí n máa béèrè, kí n sì máa kọ ohun tí àwọn ìyá bá sọ fún mi sílẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo bi Ma Kebbeh ní ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo bi wọ́n láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n.

Mo ní, “Mà, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?”

Wọ́n ní, “Ṣé o bi wá ni? O ní ọmọ àgbẹ̀ ni ọ́, bírò wà lápò rẹ, ọ̀rọ̀ sì ń dùn lẹ́nu rẹ. Ó yá, kọ ìyẹn sílẹ̀, yah.” Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Sáà kejì pé, gbogbo wa tún pé jọ. Bàbá Flomo kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ọkọ́. Àwọn fúnra wọn ló wa ebè, ọ̀dùnkún ńlá mẹ́rin sì jáde pẹ̀lú gbòǹgbò wọn, yẹ̀pẹ̀ bò wọ́n lára. Wọ́n gé ọ̀kan: ó pọ́n! Àwọn ìyá hó yèè. Bàbá Flomo wá yíjú sí mi, wọ́n ní, “Ìwọ, kí lo ṣe sí ti ẹ̀ẹ̀kejì yìí?”

Mo ní, “N kò ṣe nǹkan kan sí i, Sà.”

Wọ́n ní, “Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó ta.”

Àwọn ìyá méjìlá fi mí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, mo sì bá wọn rín in, torí òótọ́ ni. Láti ìgbà náà, tí mo bá dé oko olóko, ìbéèrè ni mo máa ń kọ́kọ́ mú jáde, tí ìmọ̀ràn bá sì ń yọ mí lẹ́nu, mo máa ń gbé e mì.